Bí ẹ ṣe lè kọ́ kíbọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi etí mọ key orin

Ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mò ń gbà: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra kíbọ́ọ̀dù, mo ti wo fídíò títí ojú ń ta mí, mo mọ C, mo mọ F, mo mọ G. Àmọ́ bí ẹnì kan bá dá orin báyìí, mi ò mọ ibi tí máa gbé ọwọ́ lé.” Ọwọ́ onítọ̀hún ti lọ ilé ìwé, etí rẹ̀ ni kò tíì forúkọ sílẹ̀. Òfin kan ni màá fi lélẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹnu yín ò bá tíì lè kọ, ẹ má tíì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò pọn dandan kí ohùn yín dùn. Kó ṣáà bọ́ sójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo máa lò léraléra: àwọn pátákó funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀, “eyín” ni mo máa pè wọ́n. Láti orí eyín kan bọ́ sórí èyí tó fẹ̀gbẹ́ kàn án gan-an, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà jẹ́ dúdú, “ìṣísẹ̀ kan” nìyẹn. “Key” orin sì ni eyín tí orin fi ṣe ilé, ibi tó máa ń balẹ̀ sí.

## Ohun tí ẹ nílò

- Kíbọ́ọ̀dù tó ní eyín 61, ó kéré tán. Odindi piano ní 88 (funfun 52, dúdú 36), ṣùgbọ́n 61 tó fún gbogbo ohun tó wà níbí.
- Eyín tó ń mọ agbára ọwọ́: bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, kó rọra dún, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, kó ké. Èyí tí gbogbo rẹ̀ ń dún bákan náà máa ń sọ ọwọ́ di igi.
- Àga tó ga débi tí ìgúnpá yín á fi bá eyín dọ́gba.
- Métrónóòmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró tó dọ́gba ka àsìkò orin. Èyí tó wà lórí fóònù ti tó.
- Ìwé, bírò, àti ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́.

Ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́fà sinmi, ó di dandan kó fi ìdajì ọjọ́ keje wá ibi tó ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní kíbọ́ọ̀dù lè fi ti orí fóònù wá ohùn, kí ẹ sì fi kọ́ etí. Fún ìka, kò wúlò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ orúkọ eyín

1. Ẹ wo àwọn eyín dúdú. Méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ṣe tò.
2. Eyín funfun tó wà lápá òsì dúdú méjì ni C. Èyí tó wà lápá òsì dúdú mẹ́ta ni F.
3. Láti C, ẹ máa lọ sápá ọ̀tún lórí funfun: C, D, E, F, G, A, B, lẹ́yìn náà C mìíràn.
4. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, funfun àti dúdú, láti C títí dé B. Méjìlá ni. Gbogbo orin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ wà nínú méjìlá yìí.
5. Eyín dúdú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì. Èyí tó wà láàárín C àti D ń jẹ́ C ṣáàpù, ó tún ń jẹ́ D fúláàtì. Ohùn kan náà ni.

Ẹ dijú, ẹ fi ìka wá dúdú méjì, kí ẹ tẹ C. Bí ẹ bá rí i nígbà mẹ́wàá láìlajú, ẹ máa bá ìgbésẹ̀ kejì lọ. Ẹ má lẹ bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí mọ́ orí eyín o. Mo mọ̀ pé ó ń ranni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, àmọ́ ojú á gbára lé e, ọjọ́ tí bébà bá ṣí kúrò ni ìmọ̀ náà á bá a lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ dò, re, mí lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ti mọ dò, re, mí láti ibi àmì ohùn. Ibẹ̀ gan-an sì lẹsẹ̀ ti ń yọ̀ fún wa. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè ni dò, re àti mí. Àyè tó wà láàárín wọn lè fẹ̀, ó lè súnkì. Ẹ pe “ọkọ́” pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà, kí ẹ tún fi ohùn ọmọ ọdún márùn-ún pè é: ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọkọ̀. Nínú orin, àyè yẹn ní òdiwọ̀n. Láti dò dé re jẹ́ ìṣísẹ̀ 2, láti re dé mí jẹ́ 2. Bí mí bá fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo wálẹ̀, orin tó ń rẹ́rìn-ín á fajú ro.

Skéèlì ni àwọn ohùn tó tò léra láti dò dé dó tòkè. Òdiwọ̀n gbogbo skéèlì méjọ̀ọ̀ (èyí tó ń dún bí ẹni inú rẹ̀ dùn) nìyí. Ẹ há a sórí:

2 – 2 – 1 – 2 – 2 – 2 – 1

Bí ẹ ṣe máa lò ó:

1. Ẹ yan eyín èyíkéyìí. Dò nìyẹn.
2. Ẹ ṣí ìṣísẹ̀ 2, re. 2 sí i, mí. 1, fà. 2, sò. 2, là. 2, tì. 1, dó tòkè.
3. Ẹ fi ẹnu kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fi C ṣe dò, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sórí funfun. Ẹ wá gbìyànjú G. Ẹ máa rí i pé nígbà tí ẹ dé tì, F funfun kò gbà, F ṣáàpù ló gbà. Lórí F, fà yín máa jẹ́ B fúláàtì. Lórí D, ṣáàpù méjì lẹ máa bá pàdé: F àti C. Ẹ má há wọn sórí bí ìlà ewì. Ẹ ka ìṣísẹ̀, wọ́n á fúnra wọn yọjú.

Ẹ ṣọ́ra: àwọn olùkọ́ tó ń fi èdè Faransé, Ítálì tàbí Sípáníìṣì kọ́ni sábà máa ń lo “do” fún C nìkan, ì báà jẹ́ key wo ni orin wà. Tiwa níbí ń rìn kiri: ibi tí orin bá fi ṣe ilé ni dò. Bí ẹ bá wo fídíò irú wọn láìmọ èyí, orí yín á dàrú.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ìka

Àtàǹpàkò ni 1, ọmọńdinrín ni 5, lọ́wọ́ méjèèjì. Fún skéèlì C:

- Ọwọ́ ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: 1 2 3 1 2 3 4 5
- Ọwọ́ òsì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: 5 4 3 2 1 3 2 1

Lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ìka 3 bá ti tẹ E tán, àtàǹpàkò á gba abẹ́ ọwọ́ kọjá lọ tẹ F. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí ìka 2 ṣì wà lórí D. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí F kàn, apá á fò sókè, ohùn á já.

G àti D ń lo ìka kan náà pẹ̀lú C. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, F nìkan ló yàtọ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún: 1 2 3 4 1 2 3 4, torí a kì í fẹ́ kí àtàǹpàkò bọ́ sórí dúdú.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù:

- Ìka tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ká a bí ẹni tó di ọsàn mú.
- Èékánná gígùn. Ẹ gé e.
- Ọrùn ọwọ́ tó wálẹ̀ ju eyín lọ.
- Eré. Ẹ fi métrónóòmù sí 60, ìyẹn ìró kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nóòtì kan (ohùn eyín kan) fún ìró kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra láìṣì, ẹ gbé e sí 66. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ padà sí 60.

Bí ọwọ́ bá ń dun yín, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lè rẹ ìka, kò burú. Ìrora kì í ṣe ara ẹ̀kọ́. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi han dókítà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Kọ́ọ̀dù, pẹ̀lú nọ́ńbà

Kọ́ọ̀dù ni nóòtì mẹ́ta tí a tẹ̀ pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú skéèlì, ẹ fo ọ̀kan, ẹ mú ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, ẹ mú ọ̀kan. Dò, mí, sò: kọ́ọ̀dù 1 nìyẹn. Fà, là, dó: kọ́ọ̀dù 4. Sò, tì, re: kọ́ọ̀dù 5.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tí ẹ tẹ̀, ẹ ka ìṣísẹ̀:

- 4 kí 3 tó tẹ̀lé e (C, E, G): méjọ̀ọ̀.
- 3 kí 4 tó tẹ̀lé e (A, C, E): máínọ̀, ojú rẹ̀ máa ń le díẹ̀.

Nínú key méjọ̀ọ̀ èyíkéyìí, 1, 4 àti 5 jẹ́ méjọ̀ọ̀. 2, 3 àti 6 jẹ́ máínọ̀. Ìkeje ní 3 àti 3, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Nọ́ńbà ni kí ẹ máa fi ronú. Ẹni tó há “C, F, G” sórí mọ orin kan ní key kan. Ẹni tó mọ “1, 4, 5” ti mọ orin náà ní key méjìlá, ìka rẹ̀ ló kù kó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ọwọ́ ṣe ń rìn hàn yín, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kiri bí ọ̀bọ lórí igi. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí C, E, G pẹ̀lú ìka 1, 3, 5.

1. Ẹ fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀dù 4. Ẹ má gbé ọwọ́. Àtàǹpàkò dúró sórí C. Ìka 3 ṣí ìṣísẹ̀ kan láti E bọ́ sórí F. Ìka 5 ṣí ìṣísẹ̀ 2 láti G bọ́ sórí A. C, F, A: F náà ni, ìtò rẹ̀ ló yàtọ̀.
2. Ẹ padà sí C, E, G.
3. Ẹ fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀dù 5. Ìka 5 dúró sórí G. Àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ sórí B. D tó wà láàárín, ìka 2 ni kó tẹ̀ ẹ́. B, D, G.
4. Ẹ padà sílé.

Ìka 2 tó dé yẹn ló máa ń fa wàhálà. Ìka 3 á fẹ́ fi ipá lọ. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ òsì, ẹ jẹ́ kó máa tẹ nóòtì tó ni orúkọ kọ́ọ̀dù nìkan: C fún 1, F fún 4, G fún 5.

Ní ti ìlù orin, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ kà á. Bí ẹsẹ̀ bá ń sọ 1-2-3-4 kí ó tó padà, 4/4 ni. Bó bá ń sọ 1-2-3, 3/4 ni. Ẹ yí kọ́ọ̀dù padà lórí 1 ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ kọ́ọ̀dù tó tọ́ lẹ́yìn àsìkò, àṣìṣe ni gbogbo èèyàn máa gbọ́. Bí ẹ bá tẹ èyí tí kò tọ́ lásìkò, ẹ lè rí i ṣe kí wọ́n tó fura.

## Ìgbésẹ̀ 5: Bí ẹ ṣe máa fi etí mọ key

1. Ẹ mú ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ orin náà dé òpin.
2. Ẹ tẹ́tí sí ibi tó ti balẹ̀, ibi tí ara ti sọ pé ó tán. Ẹ fi imú kọ ohùn yẹn, ẹ má jẹ́ kó bọ́.
3. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ, ẹ fi ìka kan ṣoṣo máa tẹ̀ láti C lọ sókè, dúdú pẹ̀lú funfun, títí ẹ ó fi dé ibi tí eyín àti ohùn yín ti di ọ̀kan.
4. Ẹ tẹ skéèlì méjọ̀ọ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì kọ orin náà lé e. Bí kò bá sí nóòtì tó ń jà, key yín nìyẹn.
5. Bí ó bá jẹ́ pé mí ló ń jà, tó sì gbà nígbà tí ẹ fi ìṣísẹ̀ kan rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, orin máínọ̀ ni. Orí là ló balẹ̀ sí. Ẹ ka ìṣísẹ̀ 3 lọ sókè, ẹ máa bá dò rẹ̀ níbẹ̀: orin tó balẹ̀ sórí A máínọ̀ ń lo àwọn nóòtì skéèlì C.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gbá ohùn àkọ́kọ́ tí olórin kọ mú, kó sọ pé òun ti rí key. Orin púpọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí sò. Ọgbọ́n kan wà tí mo fi ń yọ ara mi:

- Bí tì skéèlì yín nìkan bá ń jà pẹ̀lú orin, sò orin lẹ dì mú. Ẹ fi ìṣísẹ̀ 5 lọ sókè, ẹ ti dé dò.
- Bí fà skéèlì yín nìkan bá ń jà, fà orin lẹ dì mú. Ẹ fi ìṣísẹ̀ 5 sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ dán an wò: ẹ kọ orin kan ní C, kí ẹ wá máa tẹ skéèlì G sí i. F ṣáàpù nìkan ló máa gún etí.

Bí ohùn orin inú fóònù bá wà láàárín eyín méjì, tí kò bá èyíkéyìí mu, kì í ṣe ẹ̀bi etí yín. Òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni A tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo orin kọ́ ló sì dúró lórí rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n gbà sórí téèpù tó yá jù tàbí tó falẹ̀ jù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “tune” sí nínú kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ rọra yí i.

Ẹ tún ṣọ́ olórin tó ń gbé key fò sókè nígbà tí orin fẹ́ parí. Òpin ni mo ní kí ẹ gbọ́, bí ó bá ti fò, key òpin yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Kọ́ọ̀dù wo ló wà lábẹ́ nóòtì wo?

Bí ẹ bá ti mọ dò, ẹ wo nóòtì tí orin dúró lé lórí ìlù 1, kí ẹ yan nínú ìwọ̀nyí:

- dò: 1, 4 tàbí 6
- re: 5 tàbí 2
- mí: 1 tàbí 6
- fà: 4 tàbí 2
- sò: 1 tàbí 5
- là: 4, 6 tàbí 2
- tì: 5

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú 1, 4, 5. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dún bí aṣọ tí kò bá ara mu ni kí ẹ tó wá 6 tàbí 2 lọ.

## Ọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnnì transpose

Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi tẹ C nìkan. Bí orin bá wà ní E fúláàtì, màá tẹ bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń fi ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ohùn gbogbo eyín sókè tàbí wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ mi á ṣì wà lórí funfun, inú mi á máa dùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé mi síwájú piano onígi, irú èyí tí kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ iná. Olórin ní E fúláàtì ni òun fẹ́. Mo wo òkè piano, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wá bọ́tìnnì. Ọwọ́ mi dúró sójú kan bí ọwọ́ ère. Ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

N kò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé. Bí orin bá ti dé, tí ọwọ́ ò sì tíì mọ key náà, ẹ lò ó. Lákòókò ìdánrawò, ẹ pa á. Kí ẹ sì dá a padà sí 0 kí ẹ tó dìde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín máa rò pé òun ti ya wèrè.

Bí ẹ bá ń bá àwọn afunfèrè ṣeré, ẹ rántí pé C wọn lè má jẹ́ C yín. C tí trumpet B fúláàtì bá fun ń dún bíi B fúláàtì lórí kíbọ́ọ̀dù, ti alto saxophone sì ń dún bí E fúláàtì. Ẹ bi wọ́n pé “Lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ni?” kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

## Bí ó bá jẹ́ gìtá lẹ fẹ́

Ìgbésẹ̀ 2, 5 àti 6 kò yí padà rárá. Ìṣísẹ̀ kan lórí kíbọ́ọ̀dù jẹ́ àlàfo kan lórí ọrùn gìtá, torí náà 2-2-1-2-2-2-1 ń ṣiṣẹ́ lórí okùn kan ṣoṣo. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti orí èyí tó nípọn jù, ni E, A, D, G, B, E. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó ta á. Okùn máa ń dẹ̀. Orí ìka á máa ta yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, awọ ibẹ̀ á sì le. Capo (ohun tí a ń há mọ́ ọrùn gìtá kí ohùn gbogbo okùn lè ga) ni bọ́tìnnì transpose ti gìtá, ìkìlọ̀ kan náà ló wà fún un.

## Kí ẹ tó kúrò lórí key kan bọ́ sí òmíràn

- Mo lè fi ẹnu kọ skéèlì rẹ̀ lọ sókè, kí n sì kọ ọ́ bọ̀ wálẹ̀.
- Mo lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórí métrónóòmù 80.
- Mo lè lọ láti 1 sí 4 sí 5 sí 1 láìwo ọwọ́.
- Mo ti tẹ odindi orin mẹ́ta nínú rẹ̀, tí mo fi etí wá, tí n kò wo ìwé.

Ìtò tí mo máa ń dá lábàá: C, G, F, D, B fúláàtì, A, E fúláàtì. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ọ̀kan, tàbí mẹ́ta bí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí ẹ bá ti dé B fúláàtì, ẹ mú orin àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ̀ ní C, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀ láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ó máa falẹ̀ bí ìgbín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi métrónóòmù sí 50.